Ọdẹ Tí A Gbé Sínú Yàrá: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Sọ́fítíwíà Ìṣàkóso Ìwọlé Lórí Àwọn Sáfà Wa

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2018, ọmọbìnrin kan tí ilé-iṣẹ́ wa gbà láti wá dán ààbò kọ̀ǹpútà wa wò wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan, kí n má baà kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ sínú ìwé." Mo tẹ̀lé e lọ sí yàrá ìpàdé tí a fún un. Lójú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ni mo ti rí ojú ewé tí a fi ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó àwọn oníbàárà, orúkọ ọ̀gá ẹ̀ka ìṣúná sì wà ní igun òkè lápá ọ̀tún, níbi tí orúkọ ẹni tó bá wọlé máa ń wà. Mo bi í pé ta ló fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gá. Ó ní kò sẹ́ni tó fún òun, òun kò sì tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Ó wá fi ohun tó tẹ̀ hàn mí, ìlà kan péré ni:

curl -H "X-Remote-User: oga.isuna" http://10.20.4.17:8080/eyawo/

Ohun tí ìlà yẹn ń sọ fún sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ètò náà ń gbé inú rẹ̀, kò ju pé, "Èmi ni ọ̀gá ìṣúná." Sáfà sì gbà á gbọ́. Owó kankan kò sọnù lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹni tí a fowó pè ló rí ihò náà, ṣùgbọ́n mo jókòó sórí àga rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí n kò lè la ẹnu. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti ń fi sọ́fítíwíà tó fa ọ̀rọ̀ yìí yangàn níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó gbé wa débẹ̀, torí pé ọ̀nà àtiṣe dáadáa ni a wà tí a fi ṣìnà. Ilé-iṣẹ́ ìṣúná kan ní Èkó ni mo wà nígbà náà, èmi ni mo sì ń bójú tó àwọn sáfà. Ètò mẹ́sàn-án ni àwọn òṣìṣẹ́ ń lò lójúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí èèyàn kan kò lè gba mẹ́sàn-án. Wọ́n ń kọ ọ́ sórí bébà pélébé, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣí mẹ́rìnlá kúrò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ọkùnrin kan tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù méje, tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ètò méjì, nítorí ẹni tó yẹ kó pa á rẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ètò méjèèjì wà. Nígbà tí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà tí yóò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan, kó lo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, tí a ó sì lè ti ẹni tó bá lọ mọ́ta pẹ̀lú bọ́tìnnì kan, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́.

Apá méjì ni irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ ní. Èkíní ni sáfà àgbà, tí orúkọ gbogbo ènìyàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì ń pinnu ẹni tó lè wọ ibi kan àti ẹni tí kò gbọdọ̀ débẹ̀. Èkejì ni ẹ́jẹ́ǹtì, ètò kékeré tí a ń fi sínú sáfà wẹ́ẹ̀bù tó wà níwájú ètò kọ̀ọ̀kan, bí ọdẹ tí a fi sẹ́nu géètì. Bí òṣìṣẹ́ bá dé, ẹ́jẹ́ǹtì á dá a dúró, á ní kó lọ fi ara rẹ̀ hàn sáfà àgbà. Sáfà àgbà á fún un ní kúkì, àmì kékeré tí bùráwúsà rẹ̀ yóò máa gbé kiri bí ìwé àṣẹ. Ẹ́jẹ́ǹtì á wá jẹ́ kó kọjá, á sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú header kan, ìyẹn ìlà ọ̀rọ̀ tó máa ń bá ìbéèrè rìn, kí ètò tó wà lẹ́yìn lè mọ ẹni tó dé. Ètò tó wà lẹ́yìn kò ní ojú ewé ìwọlé tirẹ̀ mọ́, a ti yọ ọ́ kúrò. Ohun tí ọdẹ bá sọ ni onílé gbà.

Nínú àwòrán tí àwọn tó ta ọjà náà fi hàn wá, ibi ọ̀tọ̀ ni sáfà àgbà wà, ògiri sì wà láàárín rẹ̀ àti àwọn ètò yòókù. Àwòrán náà dára. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ra sáfà, oṣù kẹfà ọdún 2016 yẹn gan-an sì ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà, tí dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi náírà 197 fi fò kọjá 280. Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún sáfà mẹ́rin kò ra ju méjì lọ mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, a gbé sáfà àgbà sórí ẹ̀rọ kan náà tí ètò ẹ̀yáwó wà, nítorí pé ẹ̀rọ yẹn ló ní àyè jù. Ẹni tó wá bá wa gbé e kalẹ̀ sọ pé kò sí wàhálà, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí n padà sí ọ̀rọ̀ ìlà kan yẹn. Ẹ́jẹ́ǹtì wa jókòó sínú Apache, sáfà wẹ́ẹ̀bù tó wà níwájú, ní pọ́ọ̀tù 443 (pọ́ọ̀tù dà bí ẹnu ọ̀nà tó ní nọ́ńbà lára ẹ̀rọ), ètò ẹ̀yáwó sì wà lẹ́yìn, lórí Tomcat, sọ́fítíwíà tó ń mú ètò Java ṣiṣẹ́, ní pọ́ọ̀tù 8080. Ohun tí gbogbo wa gbàgbé ni pé bí a kò bá sọ fún Tomcat ibi tí yóò ti máa gbọ́ ìpè, gbogbo àdírẹ́sì tó wà lórí ẹ̀rọ náà ni yóò ti máa gbọ́ ọ, kì í ṣe ti inú ẹ̀rọ nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá lè dé pọ́ọ̀tù 8080 ti yẹ ọdẹ sílẹ̀, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, bó bá sì wá kọ orúkọ tó wù ú sínú header fúnra rẹ̀, ètò tó wà nínú ilé yóò rò pé ọdẹ ló kọ ọ́. Fáyáwọ́ọ̀lù, ògiri tó ń pinnu ìpè tó lè kọjá, kò sì dí ọ̀nà náà, nítorí pé ètò tí a fi ń ṣọ́ ìlera àwọn sáfà máa ń kan 8080 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá Tomcat ṣì wà láàyè. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣí i.

Kí a tó gbé sọ́fítíwíà yìí dé, ìwà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣeé ṣe. Ẹni tó bá gba 8080 wọlé láyé ìgbà yẹn yóò bá ojú ewé ìwọlé pàdé, yóò tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà bíi gbogbo èèyàn. Ibi tó ká mi lára nìyí: pọ́ọ̀tù yẹn ti wà ní ṣíṣí láti ìgbà pípẹ́, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, àfìgbà tí a ra ààbò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ address="127.0.0.1" sínú fáìlì server.xml ètò kọ̀ọ̀kan tó ń lo Tomcat, kí ó má baà gbọ́ ìpè ẹlòmíràn ju ti ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ lọ. Mo tún ní kí Apache máa pa X-Remote-User tó bá ti ìta wá rẹ́ kí ẹ́jẹ́ǹtì tó kọ tirẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà pé ó ti parí. Kò ju wákàtí kan lọ tó fi fèsì pé, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ó ku díẹ̀."

Díẹ̀ tó kù yẹn wà lórí ètò kan ṣoṣo tí wọ́n fi Python kọ. Irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń yí orúkọ header padà kó tó kà á: á sọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà ńlá, á sì fi àmì ìlà-abẹ́ (_) rọ́pò gbogbo àmì ìdásí (-) tó wà láàárín rẹ̀. Nítorí náà, X-Remote-User àti X-Remote_User di orúkọ kan náà nígbà tí wọ́n bá dénú ilé. Èmi sọ fún Apache pé kó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó pa èkejì. Àwọn tó ń ṣe Django, ohun èlò tí a fi ń kọ ètò wẹ́ẹ̀bù ní Python, ti kéde ọ̀rọ̀ yìí láti oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n sì ti ṣe àtúnṣe rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ CVE, níbi tí a ti ń fún ihò ààbò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ni CVE-2015-0219. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, àmì kékeré tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì ṣì ń sọ ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá di ọ̀gá lọ́dọ̀ wa.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó jókòó ti fáìlì tí ẹ́jẹ́ǹtì fi ń ṣiṣẹ́, mo kà á láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, iṣẹ́ tó yẹ kí n ti ṣe láti ọdún 2016. Ẹ́jẹ́ǹtì náà ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń bá sáfà àgbà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà náà wà nínú fáìlì, wọ́n ti sọ ọ́ di àrokò tí ojú lásán kò lè kà. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo wá wo ìlà mẹ́ta sísàlẹ̀, mo bá kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń tú àrokò náà níbẹ̀, ó ń wò mí. Ó dà bí ẹni tó ti àpótí owó pa, tó wá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdérí rẹ̀. Mi ò dá àwọn tó kọ ọ́ lẹ́bi tán, nítorí pé ẹ́jẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ lè dìde fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ tó sì dé lóru, láìsí ẹni tí yóò tẹ nǹkan fún un. Kò sì sí ibòmíràn tó lè fi kọ́kọ́rọ́ náà sí ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Ìyẹn ni pé àṣẹ tó wà lórí fáìlì, ẹni tó lè kà á àti ẹni tí kò lè kà á, ni ààbò kan ṣoṣo tó kù.

Mo tẹ ls -l láti wo àṣẹ náà. Ohun tí mo rí ni -rwxrwxrwx: gbogbo ayé lè kà á, gbogbo ayé lè kọ ọ́, gbogbo ayé lè mú un ṣiṣẹ́. Mo rántí alẹ́ ọjọ́ tí a gbé e kalẹ̀. Aago mọ́kànlá ti lù, ẹ́jẹ́ǹtì kọ̀ kò dìde, ó ń ké pé òun kò ní àṣẹ láti ka fáìlì kan. Ẹni tó wá bá wa ṣiṣẹ́ tẹ chmod -R 777, tó ń fún gbogbo ayé láṣẹ lórí gbogbo fáìlì náà, ẹ́jẹ́ǹtì dìde, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, a ṣí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí ilé-iṣẹ́ rà fún wa, a jẹun. Kò sẹ́ni tó padà sídìí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ kejì.

Ó ṣì kù. Ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ni a fún ẹ́jẹ́ǹtì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, nítorí pé ó rọrùn láti ṣe ẹ̀dà fáìlì kan lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Nínú àwọn ètò mẹ́sàn-án wa, ọ̀kan wà tí a fi ń kọ orúkọ oúnjẹ ọ̀sán tí kálukú fẹ́. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ṣe àtúnṣe kankan sí i láti ìgbà tó ti lọ. Ẹni tó bá gba sáfà oúnjẹ ọ̀sán yìí lè ka fáìlì, kó tú àrokò, kó sì máa bá sáfà àgbà sọ̀rọ̀ bí ẹ́jẹ́ǹtì ètò ẹ̀yáwó. Kí a tó so gbogbo wọn pọ̀, bí olè bá wọ ètò oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò ni yóò bá níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kúkì. Kí òṣìṣẹ́ lè wọlé lẹ́ẹ̀kan kó sì lo ohun gbogbo, a ti fi kúkì náà fún odindi orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe fún sáfà kan. Nípa bẹ́ẹ̀, kúkì tí bùráwúsà ń gbé lọ sí ètò ẹ̀yáwó náà ló ń gbé lọ sí ètò oúnjẹ, ọ̀gá àgbà náà sì ń jẹun ọ̀sán. Àmì tó ní kí bùráwúsà má ṣe jẹ́ kí JavaScript, kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ojú ewé, rí kúkì kò ran ni lọ́wọ́ níbí, nítorí pé inú sáfà fúnra rẹ̀ ni olè wà. Ojútùú rẹ̀ wà, ó sì ti wà tipẹ́: kí ètò kọ̀ọ̀kan gba àmì tirẹ̀ tí kò lè ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ẹni tó bá ti lo OpenAM, sọ́fítíwíà ìṣàkóso ìwọlé mìíràn, rí yóò mọ̀ pé orúkọ tí kúkì rẹ̀ ń jẹ́ bí a kò bá yí i padà ni iPlanetDirectoryPro, orúkọ tó ti wà láti ayé ìgbà tí Sun àti Netscape, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà méjì, jọ ń ṣòwò pọ̀. Netscape ti kú, Sun ti kú, orúkọ ọjà tí wọ́n jọ tà ṣì ń rìn kiri nínú bùráwúsà àwọn èèyàn. Mo máa ń rántí ìyẹn nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé tuntun ni sọ́fítíwíà kan.

Láàárín ọdún 2018 sí 2019 ni a fi dí àwọn ihò wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tí n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀ ni ti àkójọ àwọn ojú ọ̀nà tí a ní kí ẹ́jẹ́ǹtì má ṣe dá ẹnikẹ́ni dúró níbẹ̀, bí àwòrán àti àwọ̀ ojú ewé. A rí i nínú àkọsílẹ̀ sáfà pé ẹnìkan ń béèrè fún /aworan/..;/alabojuto. Ẹ́jẹ́ǹtì rí /aworan/ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní kó máa lọ. Tomcat ní tirẹ̀ máa ń gé àmì ";" àti ohun tó bá tẹ̀lé e sọnù, ó wá ka ìyókù sí pé kí òun padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣí ilẹ̀kùn alábòójútó. Àwọn méjèèjì ka gbólóhùn kan náà, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kà síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a kì í gba ìbéèrè kankan tó bá ní ";" nínú ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́, kò sì tíì sí oníbàárà kan tó ráhùn.

Ṣùgbọ́n sáfà àgbà ṣì wà lórí ẹ̀rọ ẹ̀yáwó. Lọ́dọọdún ni mo ń béèrè owó láti gbé e kúrò, lọ́dọọdún ni wọ́n ń sọ pé kí n ní sùúrù. Ohun tó wá gbà mí sílẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọjà ẹlòmíràn, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2021.

Lọ́jọ́ náà ni olùwádìí kan ní PortSwigger, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, tẹ ohun tó rí nínú OpenAM jáde, CVE-2021-35464. Ojú ewé kan wà nínú sọ́fítíwíà náà, /ccversion/Version, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sọ nọ́ńbà ẹ̀dà tí a ń lò lọ. Kò sí ẹni tó ń lọ síbẹ̀. Ohun èlò àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Jato, tó ti wà láti ayé Sun, ni wọ́n fi kọ́ ọ, Jato sì máa ń gba ẹrù kan tó ń jẹ́ jato.pageSession lọ́wọ́ ẹni tó bá béèrè ojú ewé. Ẹrù Java tí a dì ni. Bí Java bá ń tú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ kí títú náà tó parí, nítorí náà ẹni tó bá mọ bí a ti ń dì í lè di àṣẹ tó wù ú sínú rẹ̀, kí sáfà sì mú un ṣẹ. Ojú ewé yìí ń tú ẹrù kó tó béèrè ẹni tó gbé e wá. Ìbéèrè kan péré, láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà, olè ti ń pàṣẹ lórí sáfà tí ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ilé wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú ẹ̀dà 7 tó ń ṣiṣẹ́ lórí Java 8 ni ó kàn. Kí àtúnṣe tó dé ọwọ́ àwọn èèyàn, ìmọ̀ràn tí wọ́n fún wọn ni kí wọ́n yọ ojú ewé náà kúrò nínú web.xml tàbí kí wọ́n dí ọ̀nà rẹ̀. Nínú oṣù keje, àjọ tó ń rí sí ààbò orí kọ̀ǹpútà ní Ọsirélíà kìlọ̀ pé àwọn olè ti ń gba ibẹ̀ wọlé.

Mo kọ ojú ewé kan sí ọ̀gá mi. Ó pè mí. Ó ní, "Ṣé ọjà tiwa ni?"

Mo ní, "Rárá, sà."

"Kí ló wá kàn wá níbẹ̀?"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n lo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo wọ ẹ̀rọ ẹ̀yáwó, mo tẹ ps, tó ń fi àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ hàn, mo sì nàka sí ìlà méjì: Java sáfà àgbà àti Java ètò ẹ̀yáwó, orúkọ oníṣẹ́ kan náà ló ń mú àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́, lórí ẹ̀rọ kan náà, Java 8 sì ni àwọn méjèèjì. Mo ṣàlàyé fún un pé bí irú ihò yẹn bá yọ nínú tiwa lọ́la, olè kò ní rìn jìnnà kó tó débi ìwé ẹ̀yáwó, nítorí pé yàrá kan ni wọ́n ń gbé. Ó wo ìlà méjèèjì títí. Ó ní, "Ẹ túmọ̀ sí pé ọdẹ àti àpótí owó ń sùn lórí ẹní kan náà láti ọdún 2016?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó fọwọ́ sí ìwé náà kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ti OpenAM nìkan. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Oracle ṣe àtúnṣe sí CVE-2021-35587 nínú Oracle Access Manager, ìwọ̀n ewu rẹ̀ jẹ́ 9.8 nínú 10, òun náà kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ olè. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àjọ CISA, tó ń rí sí ààbò orí kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, fi í sínú àkójọ àwọn ihò tí àwọn olè ti ń lò. Apá tí ihò náà wà ni wọ́n pè ní OpenSSO Agent. Ẹni tó bá mọ ìtàn yóò rẹ́rìn-ín: Sun ló ni OpenSSO, Oracle ra Sun ní oṣù kìíní ọdún 2010, àwọn tó ti bá Sun ṣiṣẹ́ sì dá ilé-iṣẹ́ ForgeRock sílẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n sọ OpenSSO di OpenAM. Ọmọ ìyá ni ọjà méjèèjì. Ní ọdún 2017 pàápàá, wọ́n rí i pé orúkọ kan tó ń jẹ́ OIMINTERNAL wà nínú Oracle Identity Manager láti ilé iṣẹ́ wá, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì jẹ́ àlàfo kan péré, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó tẹ bọ́tìnnì gígùn tó wà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù. Ìyẹn gba 10 nínú 10. Mi ò rò pé àwọn tó ń kọ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ ya ọ̀lẹ ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí mo rò ni pé ó ti pẹ́, ó tóbi, wọ́n ń kọ́ ilé tuntun lé ògbólógbòó, kò sì sẹ́ni tó rántí àwọn yàrá tó wà nísàlẹ̀.

Òru Sátidé mẹ́fà ni a fi kó kúrò. Sáfà àgbà bọ́ sórí ẹ̀rọ méjì tirẹ̀, ojú ewé àwọn alábòójútó rẹ̀ sì bọ́ sí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ tí ènìyàn mẹ́ta péré lè dé. A yọ ẹ́jẹ́ǹtì kúrò lórí ètò mẹ́jọ, a fi reverse proxy kan ṣoṣo, ẹnu ọ̀nà kan tí gbogbo ìbéèrè gbọ́dọ̀ gbà kọjá, síwájú gbogbo wọn. Ètò kò sì gba orúkọ lásán gbọ́ mọ́: ìwé tí sáfà àgbà buwọ́ lù ni proxy ń gbé fún un, ìwé náà ń sọ orúkọ ẹni tó dé àti ètò tí a kọ ọ́ fún, kì í sì í lò kọjá ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá. Ètò fúnra rẹ̀ ló ń yẹ ìbuwọ́lù wò. Ẹni tó bá tẹ X-Remote-User kò rí nǹkan gbà mọ́, ó lè tẹ ẹ́ títí ilẹ̀ ó fi mọ́.

Ìkẹsàn-án ló fún wa níṣẹ́. Ẹni tó kọ ètò náà ti kó lọ sí Kánádà, kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ kan inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò lè yẹ ìbuwọ́lù wò. A ní láti jẹ́ kí ọdẹ máa bá a gbélé. Ṣùgbọ́n orúkọ oníṣẹ́ tirẹ̀ ló ń lò báyìí, ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ ni, fáìlì rẹ̀ wà ní 600, oní-fáìlì nìkan ló lè kà á tàbí kọ ọ́, 127.0.0.1 nìkan ni ètò náà sì ń gbọ́.

Mo kọ ìlà kan ṣoṣo tí ọmọbìnrin yẹn tẹ̀ lọ́dún 2018 sínú ètò kékeré kan tó ń kan gbogbo sáfà wa ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú X-Remote-User, pẹ̀lú X-Remote_User, pẹ̀lú ..;/ láàárín. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni èsì rẹ̀ fi jẹ́ pé sáfà kò dá a lóhùn tàbí kó fún un ní 403, ìyẹn pé kò láṣẹ. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, ọ̀kan dáhùn pẹ̀lú 200, ìyẹn pé ó ti gbà á wọlé. Mo wá ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ló gbé sáfà tuntun kalẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì lo àwòṣe tó bá nínú àpò fáìlì wa. Àwòṣe ọdún 2016 ni, chmod 777 sì ṣì wà ní ìlà kọkànlélógún rẹ̀. Mo pè é, mo ní, "Àbúrò, gbé àga wá."